Ọpẹ́ Fún Èérún

KÀ: Mátíù 15:21-28; Lúùkù 12:6-7
ẸSẸ ÀKỌ́SÓRÍ: 1 Tẹsalóníkà 5:18

Kí ẹnì kan ka ìtàn obìnrin ará Kénáánì náà sókè fún gbogbo ilé, kí ẹlòmíràn sì ka ti Lúùkù. Ẹsẹ àkọ́sórí wa ti òwúrọ̀ yìí kúrú, ọmọ tí ó kéré jù nínú ilé lè kọ́ ọ sórí kí ó tó lọ sí ilé-ìwé.

Olùfẹ́ mi nínú Olúwa, bí a bá pè ọ́ sí iwájú ìjọ nísinsìnyí pé kí o wá jẹ́rìí, kí ni ìwọ yóò sọ? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kọ́kọ́ wo òkè àjà. A ó máa wá ohun ńlá: ọkọ̀ tuntun, físà tí ó jáde, ọmọ tí ó yege ìdánwò, ilẹ̀ tí a rà, jàǹbá ọkọ̀ tí Ọlọ́run yọ wá nínú rẹ̀. Bí a kò bá rí ọ̀kankan, a ó ní, “Kò tíì sí ẹ̀rí lọ́dọ̀ mi, ẹ ṣì máa bá mi gbàdúrà.” N kò sọ pé ó burú láti jẹ́rìí ohun ńlá. Ọlọ́run ohun ńlá ni Ọlọ́run wa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí o ti jẹ́rìí kẹ́yìn títí di òwúrọ̀ òní, ta ni ó ń bọ́ ọ? Ta ni ó ń jí ọ? Ẹyẹ tí ó ké lójú fèrèsé rẹ kí aago tó dún, ta ni ó rán an?

Mo ní ìdí tí mo fi ń bèèrè. Ọdún kan wà ní ayé mi tí ẹnu mi kò lè sọ pé, “Olúwa, O ṣé.”

AJÁ TÍ KÌ Í WO ỌWỌ́

Ní ọdún 2009 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà yóò rántí bí ọ̀rọ̀ báǹkì ṣe dàrú ní Nàìjíríà lọ́dún náà, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n fún ní lẹ́tà níbi iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fún mi ní tèmi. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, oyún oṣù mẹ́rin tí ó wà nínú ìyàwó mi bàjẹ́. Ìbàdàn ni a ń gbé, nínú yàrá méjì, owó ilé sì ti ń lé wa bọ̀.

Mo ń lọ sí ìjọ o. Mo ń gbààwẹ̀. Mo ń fi èdè mìíràn gbàdúrà. Bí olùdarí ìsìn bá ní kí a gbé ọwọ́ sókè kí a dúpẹ́, èmi náà yóò gbé ọwọ́ sókè, ètè mi yóò sì máa mì, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nínú ọkàn mi mo ti bá Ọlọ́run ṣe àdéhùn kan tí Òun kò bá mi tọwọ́ bọ̀: ọjọ́ tí O bá ṣe tèmi, ni èmi yóò ṣe Tìrẹ.

Ìbínú náà kò dúró sí ilé Ọlọ́run. Ó bá mi délé. Tolú, àkọ́bí wa, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní fèrè fífọn ní ilé-ìwé. Orin kan ṣoṣo ni ó mọ̀, ibì kan náà ni ó sì ti máa ń ṣìnà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo jágbe mọ́ ọn pé kí ó gbé ariwo yẹn kúrò létí mi. Ó gbé fèrè náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. N kò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́, mo sì rò pé mo ti rí ìsinmi.

Ajá kan wà nínú ọgbà ilé náà. Ayálégbé kan tí ó kó lọ ni ó fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ń pè é ní Tanímọ̀la. Kì í ṣe irú ajá tí ènìyàn fi ń yangàn: etí rẹ̀ kan ti ya, egungun ìhà rẹ̀ sì ṣeé kà. Èmi kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ràn ajá. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ajá wà fún ọdẹ, ajá wà fún ṣíṣọ́ ilé, ó tán. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ tí mo bá ti wá iṣẹ́ kiri tí mo ń padà bọ̀, ajá yìí yóò ti mọ ìró ẹsẹ̀ mi láti ìkóríta. Kí n tó kan géètì, ó ti dé ibẹ̀, yóò máa ju ìrù, yóò máa fò mọ́ mi lẹ́sẹ̀, bí ẹni pé ìlú òyìnbó ni mo ti dé. N kò fún un ní nǹkan kan rí. Ìyàwó mi ni ó máa ń da èérún ẹ̀bà àti egungun ẹja sílẹ̀ fún un.

Ní oṣù kẹta ọdún 2010, mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá wálé ní alẹ́ ọjọ́ kan nítorí pé owó ọkọ̀ tán lọ́wọ́ mi. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń ta sánsán nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá bọ́ sórí eruku ọyẹ́. Ajá náà jáde tòun ti ẹrẹ̀ lára, ó ń ju ìrù. Mo dúró. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì, òfo ni. Ajá náà kò wo ọwọ́ mi. Kò wò ó rí. Ojú mi ni ó máa ń wò.

Olùfẹ́, nǹkan gún mi lọ́kàn lẹ́nu géètì yẹn. Èmi tí a fi ẹ̀jẹ̀ iyebíye rà, ọwọ́ Bàbá mi ni mo ń wò. Bí mo bá rí nǹkan níbẹ̀, mo yọ̀. Bí n kò bá rí nǹkan, mo yí ojú kúrò. Mo wọlé. Ìyàwó mi ní, “Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá Tolú.” Ó ti ń kí mi bẹ́ẹ̀ láti oṣù mélòó kan, n kò sì ń dá a lóhùn ju “ùn” lọ. Ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ ni ó ń kí mi kú àbọ̀! Lálẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó tì í, mo ní, “O ṣé o. O kú ilé.” Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́kún.

OBÌNRIN TÍ Ó MỌ ÌWỌ̀N ÈÉRÚN

Ọ̀rọ̀ ajá náà ni ó lé mi padà sí Mátíù 15. Agbègbè Tírè àti Sídónì ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní ilẹ̀ àwọn kèfèrí. Ẹ̀mí àìmọ́ ń dá ọmọbìnrin obìnrin yìí lóró. Ó kígbe sí Jésù, Jésù kò dá a lóhùn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní kí Ó rán an lọ. Ó wá wólẹ̀, Olúwa sì sọ fún un pé oúnjẹ àwọn ọmọ kò yẹ ní jíjù fún ajá. Bí ó bá jẹ́ èmi ọdún 2009 ni, mo ti bínú lọ sílé mi!

Nínú èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀rọ̀ tí Olúwa lò níbẹ̀ kì í ṣe ti ajá ìgboro tí ń jẹ ààtàn kiri. Ajá kékeré inú ilé ni, irú èyí tí ó máa ń wà lábẹ́ tábìlì nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jẹun. Obìnrin náà di ọ̀rọ̀ yìí mú. Ó gbà pé ajá ni òun, ṣùgbọ́n ó ní ajá abẹ́ tábìlì ní ìpín tirẹ̀, èyí tí ó bọ́ sílẹ̀ láti ọwọ́ àwọn ọmọ. Ó mọ ohun kan tí àwọn ọmọ tí ó jókòó sórí àga gan-an lè má mọ̀: ìyẹ̀fun tí ó wà nínú odidi ìṣù búrẹ́dì ni ó wà nínú èérún rẹ̀, ọwọ́ kan náà ni ó sì pò ó. Bí èérún bá lè tọ̀ mí wá láti orí tábìlì Rẹ̀, a jẹ́ pé inú ilé Rẹ̀ ni mo wà. Jésù pe èyí ní ìgbàgbọ́ ńlá. Ọmọbìnrin náà sì gba ìwòsàn láti wákàtí náà.

Tún wo ibi tí Mátíù gbé ìtàn náà sí. Ní orí 14, Jésù bọ́ 5,000 ọkùnrin, wọ́n sì kó agbọ̀n méjìlá àjẹkù. Lẹ́yìn ìtàn obìnrin yìí, ní orí 15 kan náà, Ó bọ́ 4,000, wọ́n kó agbọ̀n méje. Àárín agbọ̀n àti agbọ̀n ni obìnrin yìí ti ń tọrọ èérún. Nínú Jòhánù 6:12, Olúwa fúnra Rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣa àjẹkù jọ, kí nǹkan kan má baà ṣòfò. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìṣù márùn-ún bọ́ ogunlọ́gọ̀, kí ni Ó fẹ́ fi àjẹkù ṣe? Ó lè ṣe òmíràn nígbà tí ó bá wù Ú. Síbẹ̀ Ó ní kí wọ́n ṣà á. Àwa tí a kò lè dá hóró ìrẹsì kan, a ń tẹ èérún mọ́lẹ̀ kọjá, a ń sáré lọ sí òkè láti lọ gbàdúrà oúnjẹ.

ẸYẸ ÈNÌ

Mátíù 10:29 sọ pé ológoṣẹ́ méjì ni wọ́n ń tà ní owó ẹyọ kan. Lúùkù 12:6 sọ pé márùn-ún ni wọ́n ń tà ní owó ẹyọ méjì. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ná ọjà ní Bódìjà, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí méjì bá jẹ́ ẹyọ kan, mẹ́rin ni ó yẹ kí ẹyọ méjì rà. Níbo ni ẹyẹ karùn-ún ti wá? Ènì ni! Ẹni tí ó ń tà á fi í lé e ni, kí oníbàárà lè padà wá lọ́la. Ẹyẹ tí kò ní iye owó kankan. Olúwa wa wá sọ pé Ọlọ́run kò gbàgbé ọ̀kankan nínú wọn. Ẹyẹ ènì náà wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú oore tí ó ń wọlé tọ̀ wá lójúmọ́, ènì ni. Ta ni ó gbààwẹ̀ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú? Ta ni ó ṣe ìṣọ́ òru kí ilẹ̀ tó ta sánsán lẹ́yìn òjò? Ológbò tí ó wá ká ara rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ nígbà tí o jókòó, orin kan tí ó ti inú rédíò aládùúgbò wọlé tí ó sì bá ìṣòro rẹ mu, kò sí èyí tí o kọ sínú ìwé àdúrà ọdún tuntun. Ọlọ́run kàn fi í lé e ni.

Ní ẹ̀yìn ilé wa nígbà náà, igi ọ̀pẹ kan wà tí àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ti sọ di ìlú. Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹ̀gà ń fọ èdè tirẹ̀, a ní ó ń pàtótó ẹnu. Lóòótọ́, ariwo wọn pọ̀. N kò fi ara balẹ̀ wò wọ́n rí, àfi ìgbà tí n kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Akọ ni ó ń hun ilé. Yóò fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu náà ni yóò fi hun ún, yóò sì so ó rọ̀ sára imọ̀, láìsí ọwọ́, láìsí abẹ́rẹ́. Abo yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fò lọ. Kí ni akọ yóò ṣe? Yóò tú ilé tí wọ́n kọ̀ náà palẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, igbe rẹ̀ kò sì ní dákẹ́. Ibi méje ni wọ́n ti dá ìwé ìwáṣẹ́ tèmi padà. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, mo ń wo ẹyẹ tí ó ń tú ilé, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Mo ní, “Olúwa, O ṣé fún ẹyẹ yìí.” Gbólóhùn ọpẹ́ àkọ́kọ́ tí ó jáde lẹ́nu mi láti inú wá nìyẹn lẹ́yìn oṣù márùn-ún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ẹnì kan lè ní, “Ṣé ẹ ń kọ́ wa pé kí a fara mọ́ òṣì ni?” Rárá o. Obìnrin ará Kénáánì kò gba èérún kí ó sì fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún èṣù. Ìwòsàn odindi ni ó bá wá, òun náà ni ó sì gbà lọ. Máa bèèrè ohun ńlá. N kò sì sọ pé kí o máa ṣe bí ẹni tí nǹkan kan kò dùn. N kò tíì dúpẹ́ rí pé oyún ìyàwó mi bàjẹ́. N kò mọ bí a ti ń ṣe é, Ọlọ́run kò sì bi mí léèrè rẹ̀. Wo ẹsẹ àkọ́sórí wa dáadáa: “nínú” ni Pọ́ọ̀lù sọ. Nínú ọdún burúkú náà, èérún ń bọ́, èmi ni n kò tẹ̀ ba láti ṣà á.

Ohun kejì: kì í ṣe ẹyẹ ni à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan wà lóde òní tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa igi àti omi bí ẹni pé àwọn ni ó dá wa. Ka Róòmù 1:21-23. Àwọn ènìyàn náà mọ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n wọn kò yìn Ín lógo, wọn kò sì dúpẹ́. Ibẹ̀ ni òkùnkùn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ méjì péré lẹ́yìn náà, wọ́n ti ń bọ ère ẹyẹ àti ti ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ya ni lẹ́nu? Ẹni tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ẹyẹ ni ó parí rẹ̀ sí ìdọ̀bálẹ̀ fún ẹyẹ. À ń pe àìdúpẹ́ ní ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, ṣùgbọ́n òun ni Pọ́ọ̀lù kọ síwájú ìbọ̀rìṣà.

ÈÈRÀ INÚ Ẹ̀WỌ̀N

Ní ìlú Haarlem ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, ìdílé kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ aago títúnṣe. Corrie ten Boom ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń fi àwọn Júù pamọ́ sínú ilé wọn kí ìjọba Hitler má baà pa wọ́n. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1944, wọ́n wá kó gbogbo wọn. Bàbá wọn, ẹni ọdún 84, kú sí àtìmọ́lé láàárín bí ọjọ́ mẹ́wàá. Corrie fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n sì fi òun nìkan sínú yàrá ẹ̀wọ̀n kan ní Scheveningen. Kò sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ó sọ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1971 pé lọ́jọ́ kan, èèrà dúdú kékeré kan yọ sórí ilẹ̀ yàrá náà. Ó kù díẹ̀ kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó rí i, ó kà á sí ọlá pé ẹ̀dá abẹ̀mí kan wá kí òun. Ó lóṣòó, ó ń wo bí ẹsẹ̀ àti ara rẹ̀ ti rí, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n gbé búrẹ́dì rẹ̀ dé, ó rún díẹ̀ sílẹ̀. Èèrà gbé e wọ inú ihò, ó sì padà wá mú sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́. Ẹlẹ́wọ̀n tí èérún ni oúnjẹ òun fúnra rẹ̀, ó tún rí èérún tí yóò ta ẹlòmíràn lọ́rẹ!

Òwe 6:6 rán ọ̀lẹ lọ sọ́dọ̀ èèrà láti lọ kọ́ iṣẹ́ ṣíṣe. Mo rò pé ẹni tí ó rẹ̀ náà lè lọ síbẹ̀. Wọ́n ṣì gbé Corrie lọ sí àgọ́ ìdálóró ní Ravensbrück lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Betsie sì kú síbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1944. Corrie jáde kí ọdún náà tó parí, ó sì rin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó ń wàásù ìdáríjì fún àwọn tí ó ṣe wọ́n níbi. N kò sọ pé èèrà ni ó gbà á là. Jésù ni. Ṣùgbọ́n ọkàn tí ó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí èèrà, ọkàn náà kò tíì kú, ìkórìíra kò sì rí ibi jókòó sí nínú rẹ̀.

ORIN ẸNU ÌGBÁLẸ̀

Mama kan wà nínú ilé wa ní Ìbàdàn, opó ni wọ́n, ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà. Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n máa ń gbá àgbàlá, wọn a sì máa kọrin sí i. Ìgbálẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọn. Kì í ṣe pé ohùn wọn dùn, mo tilẹ̀ máa ń fi ìrọ̀rí bo etí. Lọ́jọ́ kan tí iná ti lọ láti ọjọ́ mẹ́ta, oorun kò kun ojú mi, mo jáde sí wọn.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mama. Ẹ kú orin. Kí ni Ọlọ́run ṣe fún yín tí ẹ fi ń kọrin tó báyìí?”

Wọn kò dá ìgbálẹ̀ dúró. Wọ́n ní, “Ẹ̀yìn tí ó dá mi dùbúlẹ̀ lánàá ni mo fi bẹ̀rẹ̀ tí mo fi ń gbálẹ̀ yìí, Bàbá Tolú. O wá ní kí ni Ọlọ́run ṣe?”

N kò rí èsì fọ̀.

Orin a máa ṣe ohun tí ìwàásù kò lè ṣe. Dáfídì ta dùùrù, ara sì rọ Sọ́ọ̀lù (1 Sámúẹ́lì 16:23). Èlíṣà wòlíì pàápàá ní kí wọ́n mú akọrin wá fún òun kí ọwọ́ Olúwa tó bà lé e (2 Àwọn Ọba 3:15). Pọ́ọ̀lù àti Sílà kò dúró kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹ̀yìn wọn ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni pásítọ̀ kan ní Jámánì, Martin Rinkart, ní ìlú kékeré tí à ń pè ní Eilenburg. Ogun Ọgbọ̀n Ọdún, tí ó jà láti 1618 sí 1648, bá a lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Odi yí ìlú náà ká, nítorí náà àwọn tí ogun lé ń sá wá sínú rẹ̀, wọ́n há mọ́ ara wọn, ebi àti àrùn sì bá wọn níbẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn gbóná ní 1637, Rinkart nìkan ni pásítọ̀ tí ó ṣẹ́ kù tí ó ń sìnkú. Òkú tí ó lé ní 4,000 ni ó sin lọ́dún náà. Aya rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kú. Ọkùnrin yìí ni ó kọ orin ọpẹ́ tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Nun danket alle Gott. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1858, ó sì wà nínú ìwé orin Yorùbá. Ó ṣeé ṣe kí o ti kọ ọ́ ní ọjọ́ ìkórè, kí o má mọ ibi tí ó ti wá.

Kí ni ó sì kọ ọ́ fún ní àwọn ọdún ogun náà? Kì í ṣe fún àjọ̀dún ńlá. Àdúrà oúnjẹ ni, kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa fi dúpẹ́ nídìí tábìlì. Ní ìlú tí ìyàn ti mú, ẹ lè fi ojú inú wo bí oúnjẹ orí tábìlì náà yóò ti kéré tó.

Kí a tó kúrò nídìí àdúrà òwúrọ̀ yìí, kí olúkúlùkù dárúkọ èérún kan tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́ láti àná. Kì í ṣe owó, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ohun tí o rí, tàbí tí o gbọ́, tàbí tí o fi ọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ sọ tiwọn, nítorí ojú wọn ń rí i jù wá lọ. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá ní òun dúpẹ́ pé ológbò bímọ, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣe àmín sí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé èérún tìrẹ, ẹnì kan nínú ilé yìí ni, tí ó ti ń kí ọ láti ọjọ́ pípẹ́ tí o kò dáhùn, má ṣe wá sọ ọ́ fún Ọlọ́run nìkan. Sọ ọ́ fún un níbi tí ó jókòó sí.

Iṣẹ́ mi kò tíì dé lọ́jọ́ tí mo bá Mama sọ̀rọ̀. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án sí i kí ó tó dé, owó rẹ̀ kò sì tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa fèrè yọ. Eruku ti bò ó. Mo nù ún, mo sì pe Tolú. Mo ní, “Wá fọn ọ́n fún mi.” Ó kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀ ná. Ó wá fọn ọ́n, ó sì ṣìnà níbi tí ó ti máa ń ṣìnà gẹ́lẹ́. Ajá dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé etí rẹ̀ tí kò ya sókè. Mo ní kí ó tún un fọn.

ÀDÚRÀ: Bàbá wa, a ti ń wo ọwọ́ Rẹ, a kò wo ojú Rẹ. Dárí jì wá. Fún gbogbo ènì tí O ti fi kún ayé wa tí a kò béèrè, tí a kò sì rí, a dúpẹ́. Àwọn tí ọdún yìí le fún nínú ilé yìí, Olúwa, dá wọn lóhùn lórí ohun ńlá tí wọ́n ń béèrè. Kí wọ́n tó rí i, ṣí wọn lójú sí èérún tòní. Ẹni tí a ti pa orin mọ́ lẹ́nu, dá orin rẹ̀ padà. Ẹni tí ó pa á mọ́ ọn lẹ́nu, fún un ní ọkàn tí yóò fi bẹ̀bẹ̀. Ní orúkọ Jésù Kristi ni a gbàdúrà. Àmín.